Ẹni Tó Kà Á Padà

Láàárọ̀ Ọjọ́rú ni mo ṣí yàrá téèpù, mo sì rí i pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú àwọn téèpù mi ti kọ ẹ̀yìn sí mi. Ìlẹ̀kùn wà ní títì bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ní, inú báàgì mi ló sì sùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Tí ẹ bá ń wò ó pé kí ló burú nínú téèpù tó kọ ẹ̀yìn síni, ẹ ní sùúrù fún mi. Màá ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ tó bá ń tini lójú kì í yá lẹ́nu.

Ilé ìwòsàn ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìsàlẹ̀ ilé ni yàrá mi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kò ní fèrèsé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn láti inú kọ̀ǹpútà àgbà sórí téèpù ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe téèpù tí a fi ń gbọ́ orin o. Ike pẹlẹbẹ kan ni, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò láàárín oṣù kan, gbogbo oògùn tí ara ẹnì kan kọ̀, gbogbo ọmọ tí a gbẹ̀bí rẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n wà. Ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ dàgbà ju àwọn dókítà kan lọ lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ṣe é kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Iná méjì ló wà níwájú rẹ̀. Pupa ń tàn tó bá ń kọ̀wé. Aláwọ̀ ewé ń tàn tó bá ń kàwé. Ìyá Téèpù ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè mí, nọ́ọ̀sì tuntun kan tilẹ̀ bi mí nígbà kan pé kíláàsì kelòó ni Téèpù wà.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní Bàbá Kàápadà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà kì í kúrò lẹ́nu wọn: "Kà á padà." Wọ́n ní ẹni tó kọ téèpù tí kò kà á padà kò yàtọ̀ sí ẹni tó rán adití níṣẹ́, tó wá lọ sùn. Wákàtí kan gbáko ni kíkà téèpù kan ń gbà. Ẹ̀rọ á máa lọ, èèyàn á jókòó tì í, á máa fi ohun tó ń kà wé èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Tó bá pé, a ó dá téèpù náà padà sórí pẹpẹ, a ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ojú rẹ̀ yóò wà lára ògiri. Èyí tí a kò tíì kà, tàbí èyí tí a kà tí kò pé, ojú rẹ̀ ni yóò máa wò wá títí a ó fi ṣe ohun tó yẹ sí i. Bàbá ló dá àṣà yìí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á mú báírò aláwọ̀ ewé, wọ́n á ṣe àmì wọn sínú ìwé ńlá tó wà lórí tábìlì, ìlà kan tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, pẹ̀lú ẹ̀kán kékeré kan lábẹ́ rẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó kọ téèpù kọ́ ni yóò fọwọ́ sí i pé a kà á. Èèyàn méjì ni, kí ọ̀kan lè jẹ́rìí èkejì.

Bàbá kú ní ọdún mẹ́ta àti oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Ilé ìwòsàn kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn. Èmi náà kò sì ka téèpù kan ṣoṣo padà láti ìgbà náà.

Oṣù tí wọ́n dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, lókè orí mi níbẹ̀, ni mo kọ́kọ́ fò ó. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ tètè lọ sílé. Nígbà tí mo gòkè lọ kí wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ wọn gbẹ, ó fúyẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé o ka ti oṣù yìí padà?" Mo ní, "Mo kà á, sà. Ó pé." Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì dijú. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n jáde láyé.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo ní ọ̀fọ̀ ló ń ṣe mí. Ní oṣù kẹta, mo rí i pé ọ̀run kò já lulẹ̀. Nígbà tó yá n kò tilẹ̀ wá àwáwí mọ́. Téèpù di mẹ́wàá, ó di ogún, ó di mọ́kànlélógójì. Ohun kan ni mo fi ń tan ara mi jẹ: mo ń kọ ojú gbogbo wọn síta, mo sì ń fi àyè àmì sílẹ̀ lófìfo nínú ìwé. Mo ní n kò purọ́, mo kàn dákẹ́ ni.

Lẹ́tà ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n mú un wá fún mi. Olùyẹ̀wò ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì ní agogo mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kan náà, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa gbé kọ̀ǹpútà àgbà náà lọ, torí pé inú rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Tuntun tí wọ́n rà yóò bẹ̀rẹ̀ lófìfo. Ìyẹn ni pé láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì lọ, bí àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bá sí lórí téèpù mi, kò sí níbì kankan nìyẹn.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ìwé ni mo rò. Mo rí àyè mọ́kànlélógójì tó ṣófo, mo sì rí ojú olùyẹ̀wò lórí wọn. Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin mo ṣí dúróà Bàbá, tí n kò ṣí rí láti ìgbà tí wọ́n ti kú. Báírò aláwọ̀ ewé náà wà níbẹ̀. Mo jókòó, mo fara balẹ̀ ṣe àmì wọn lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógójì, ìlà tó tẹ̀ àti ẹ̀kán abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá. Títí di òní, ìyẹn ló ń tì mí lójú jù. Mo gbàgbé láti kọ ẹ̀yìn àwọn téèpù síta kí ó lè bá ìwé mu, mo ti ìlẹ̀kùn, mo lọ sílé.

Ẹ rí i báyìí ìdí tí ara mi fi bù máṣọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹnì kan ti bá mi kọ ẹ̀yìn wọn síta. Láti orí téèpù kejì ló ti bẹ̀rẹ̀, títí dé ìkẹrìndínlógún. Ti àkọ́kọ́ nìkan ló fò, ó ṣì ń wò mí. Èrò mi ni pé ẹlẹ́yà kan láti ibi ìfọṣọ ti rí ìwé mi, tó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó gbọ́ ohùn ẹ̀rọ. Ó ń lọ. Iná aláwọ̀ ewé ń tàn níwájú rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo tẹ bọ́tìnnì tó ń pọ téèpù jáde, nǹkan kan kò jáde. Mo fi ìka kan ìlẹ̀kùn ẹnu rẹ̀, mo wo inú. Ẹnu rẹ̀ ṣófo. Ó ń kàwé, mo sì ń gbọ́ bí téèpù ṣe ń yí nínú rẹ̀, wọ́ọ́ wọ́ọ́, láìsí téèpù kankan nínú rẹ̀. Òórùn kan wà nínú yàrá tí n kò fẹ́ dá mọ̀, òórùn ìpara ẹ̀yìn ríro, tó máa ń ta sí imú.

Mo ní iṣẹ́ ni kí n gbájú mọ́. Téèpù kejìlélógójì, ti oṣù yìí, ni mo gbọ́dọ̀ kọ kí Ọjọ́ Ẹtì tó dé. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó dá mi lóhùn lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà pé òun kò lè kọ ọ́, ẹlòmíràn ń lo ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èsì kan náà ni.

Mo pe Wáyà. Wáyà ni ẹni tó ń tún gbogbo ẹ̀rọ wa ṣe, apá rẹ̀ kì í sinmi, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó wọlé, ó fi imú fa afẹ́fẹ́.

"Àǹtí, ta ni ẹ̀yìn ń ro níbí?"

"Èmi ni," ni mo wí. Irọ́ ti mọ́ mi lára.

Ó yẹ téèpù tuntun tí mo fẹ́ kọ wò bóyá ìlẹ̀kùn kékeré tí wọ́n fi ń tì í kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan sí i ti wà ní títì. Ó ṣí sílẹ̀. Ó fẹ́ ti téèpù ìnu-ẹ̀rọ bọ ẹ̀rọ lẹ́nu láti fi nu ojú tó ń fi kàwé, ẹ̀rọ kò gbà á. Ó pààrọ̀ wáyà, ó pààrọ̀ ìdérí kékeré tó máa ń wà ní ìparí wáyà, ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà ìdérí yẹn ló máa ń ya wèrè, ẹ̀rọ ni wọ́n á wá máa nà. Kò sí ìyàtọ̀.

"Ẹ̀rọ yín ò ṣàìsàn o, Àǹtí. Ó kàn ní ẹlòmíì ń lo òun ni."

"Ta ni ẹlòmíì? Ṣebí èmi nìkan ló wà níbí."

"Ẹ̀yin àti ẹ̀rọ yìí ti di tọkọtaya, ẹ bi í kó sọ fún yín." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fa wáyà náà yọ pátápátá kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀rọ dá wà láàyè ara rẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé kò kú. Ohùn wọ́ọ́ wọ́ọ́ náà kò yí padà. Wáyà dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, kò sì dápàárá mọ́. Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tí aláìsàn ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ẹ yọ ọ́ lára iná. Mi ò ní fọwọ́ kan án mọ́ ní tèmi."

Mo dúró títí ó fi jáde. Agogo méjì kù díẹ̀ kó lù. Téèpù tó kọ ẹ̀yìn síta ti di mọ́kànlélógún, n kò sì rí ìgbà tí ìkankan yí padà. Mo mú okùn iná, mo fà á yọ. Iná kú, ohùn kú, gbogbo yàrá dákẹ́. Lẹ́yìn mi ni mo ti gbọ́ òṣé kan, òṣé gígùn, láti ẹnu ẹni tó ti rẹ̀. N kò yíjú. Mo ka ọgbọ̀n lábẹ́ ahọ́n, mo ti okùn iná padà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbójú sókè.

Gbogbo téèpù orí pẹpẹ ti kọjú sí mi. Mọ́kọ̀ọ̀kànlélógójì. Iná aláwọ̀ ewé tún tàn, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni n kò lè sọ mọ́ pé n kò mọ ẹni tí ó jẹ́. Èèyàn kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí iná bá lọ nígbà tí Bàbá ń kàwé, bó tilẹ̀ ku ìṣẹ́jú kan, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n máa ń padà sí. Wọ́n ní kíkà tí a já lẹ́nu kì í ṣe kíkà. Mo jókòó sórí àpótí, mo pa ọwọ́ mi pọ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan mo gbọ́ ìró ike lórí igi, kọ́, bí ìgbà tí wọ́n dá téèpù padà sáyè rẹ̀. Mo wò ó. Ti àkọ́kọ́ ṣì kọjú sí mi. Wákàtí kan mìíràn kọjá, ìró náà tún dún, téèpù kejì sì ti kọ ẹ̀yìn síta. N kò mọ ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Mo bá tèmi lọ sílé.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ìyàwó Bàbá pè mí lórí fóònù. Ó ti pẹ́ tí a ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, èyí náà ń tì mí lójú. Ohùn wọn kéré. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, tí o bá ráyè lọ́sàn-án, yà kí mi." Mo lọ ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán.

Pálọ̀ wọn mọ́ tónítóní. Àwòrán kún ara ògiri: ti ìgbéyàwó wọn, ti àwọn ọmọ, ti àwọn ọmọ-ọmọ, àti ti èmi àti Bàbá ní ọjọ́ tí mo parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́, tí mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Wọ́n sún àga kan síwájú fún mi. Wọ́n kò béèrè ilé, wọn kò béèrè ọmọ.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pè wọ́n ni?"

Mo ní, "Ta ni, Màmá?"

"Má bi mí ní ta ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí agogo mẹ́rin ṣe ń lù báyìí, mo wà ní kíṣíìnì, mo gbọ́ tí wọ́n dìde lórí àga tí o jókòó lé yẹn. Mo gbọ́ òórùn ìpara wọn. Mo dé yàrá, sálúbàtà wọn ò sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Gíláàsì ìkàwé wọn náà ti lọ. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn tí ẹ bá ránṣẹ́ pè wọ́n lọ́jọ́ ìsinmi." Wọ́n fa aṣọ ejìká wọn mọ́ra. "Lánàá wàyí, ní nǹkan bí agogo méjì, mo gbọ́ tí wọ́n pòṣé. Òṣé tí wọ́n máa ń pa tí ẹnì kan bá ba iṣẹ́ wọn jẹ́, tí wọ́n ní láti tún un bẹ̀rẹ̀. Kí lẹ ní kí wọ́n wá ṣe? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dùn wọ́n? Èèyàn tó ti kú, ọmọ mi, ṣé kò yẹ kó sinmi?"

Òtítọ́ wà lẹ́nu mi. Ó wà níbẹ̀, mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ìyá àgbà yìí, ikú yá ju ẹ̀sín lọ, mo sì gbé e mì.

"N kò mọ̀, Màmá. A ò pè wọ́n."

Wọ́n wò mí títí. "Ó dáa," ni wọ́n wí. Wọ́n dìde, wọ́n lọ mú tìmùtìmù pẹlẹbẹ kan wá, èyí tí Bàbá máa ń fi sẹ́yìn tí wọ́n bá jókòó pẹ́. "Síbẹ̀síbẹ̀, mú èyí dání lọ."

Mo gbé tìmùtìmù náà mọ́yà gba àárín ọjà kọjá, mo ń sunkún, àwọn èèyàn ń yà fún mi lọ́nà. Bí mo ṣe dé yàrá, téèpù mẹ́tàlélógún ti kọ ẹ̀yìn síta. Mo mú ìwé, mo mú báírò tèmi, mo fẹ́ fa ìlà lórí gbogbo àmì tí mo ṣe. Mo gbé báírò sókè, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀. Bí mo bá pa á rẹ́, ṣé wọ́n máa lọ sinmi, àbí ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tún máa padà sí? N kò ní ìgboyà láti tún gbọ́ òṣé yẹn. Mo gbé àga Bàbá láti igun yàrá, mo nu eruku ara rẹ̀, mo gbé e síwájú ẹ̀rọ, mo fi tìmùtìmù sí ibi tí ẹ̀yìn máa ń gbé.

Mo kúnlẹ̀. Mo rọra sọ ọ́, nítorí àwọn tó ń fọṣọ lódìkejì ògiri: "Bàbá, èmi ni. N kò ka ìkankan. Èyí tí mo ní mo kà nígbà tí ẹ dùbúlẹ̀, n kò kà á. Èmi ni mo fi àmì yín pè yín. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dárí jì mí, ẹ máa lọ."

Ẹ̀rọ ń lọ, wọ́ọ́ wọ́ọ́. Bàbá kì í dáhùn tí wọ́n bá ń kàwé. Mo wà lórí eékún títí ìró ike fi dún lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, agogo méje ààbọ̀ kò tíì lù tí mo dé ibẹ̀. Yàrá dákẹ́. Iná méjèèjì ti kú. Kò sí òórùn ìpara mọ́, òórùn ọṣẹ ìfọṣọ nìkan ló kù. Tìmùtìmù orí àga ti tẹ̀ wọnú láàárín. Lórí pẹpẹ, méjìdínlógójì kọ ẹ̀yìn síta. Mẹ́ta kọjú sí mi: ìkọkàndínlọ́gbọ̀n, ìkẹtàlélọ́gbọ̀n, àti àkọ́kọ́.

Ìwé wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. N kò fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Lábẹ́ àmì ìkọkànlélógójì, ìkọ̀wé kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú báírò aláwọ̀ ewé, ìkọ̀wé gbọọrọ tó fì sápá òsì, tí mo ti kà fún ọdún mọ́kànlá:

"Kì í ṣe èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo ti kà á. Mẹ́ta kò pé. Tún wọn kọ."

N kò mọ iye ìgbà tí mo kà á. Nígbà tí ojú mi mọ́ díẹ̀, mo ki wáyà ẹ̀rọ padà sára kọ̀ǹpútà, mo ti téèpù àkọ́kọ́ bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, mo ní kí ó kà á fún mi. Òfìfo ni. Téèpù oṣù tí Bàbá dùbúlẹ̀, tí àkọsílẹ̀ àìsàn tiwọn gan-an wà nínú rẹ̀, tí mo di ọwọ́ wọn mú tí mo ní ó pé, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n kà á, agogo mẹ́rin ni gbogbo aláìsàn oṣù náà ìbá parẹ́.

Mo pe Wáyà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìyọ ọ̀kan. Kò rẹ́rìn-ín. Èmi kọ téèpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti inú kọ̀ǹpútà àgbà tó ń kú lọ náà, mo fi ti oṣù yìí ṣe ìkẹrin, iná pupa ń tàn bó ṣe yẹ. Wáyà jókòó, ó ń kà wọ́n padà, ó ń fi ìka tọ ojú gíláàsì. Àárín iṣẹ́ yìí ni olùyẹ̀wò bá wa, obìnrin kan tó ti ń hewú, tí bàtà rẹ̀ kì í dún nílẹ̀.

Mo gbé ìwé fún un kó tó béèrè. Mo ní, "Màdáámù, àmì mọ́kànlélógójì yìí, ọ̀gá mi tó ti kú ló ni ín. Èmi ni mo ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. N kò ka téèpù kankan."

Ó ṣí ìwé náà ní ojúewé lẹ́yìn ojúewé. Ó dé ìsàlẹ̀. "Ìkọ̀wé yìí ńkọ́? Ta ló kọ ọ́?"

"Ọ̀gá mi ni."

"Èyí tó ti kú."

"Àwọn náà ni, mà."

Ó mú báírò aláwọ̀ ewé orí tábìlì, ó fi kọ ìlà kékeré sórí ìwé tirẹ̀, ó fi àwọ̀ wé àwọ̀. Ó wò mí, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. "Màdáámù, ẹ ti jẹ́wọ́ èyí tó le. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ fi èyí tó kéré pamọ́?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹni tó ti purọ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógójì, ta ni yóò gba ìkejìlélógójì gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́? Wáyà lanu láti sọ̀rọ̀, mo mi orí fún un. Olùyẹ̀wò kọ ọ́ sílẹ̀: àmì èké mọ́kànlélógójì, ìkọ̀wé èké kan. Ó ní kí n fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo fọwọ́ sí i. Ohun tó dára jù tí Bàbá ṣe fún mi lẹ́yìn ikú wọn, mo fọwọ́ sí i pé irọ́ tèmi ni.

Ilé ìwòsàn fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n sì fi Wáyà ṣe ẹni kejì mi. Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta mo lọ bá Màmá láti sọ òtítọ́ tí mo gbé mì ní Ọjọ́bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà bí ọkùnrin, torí pé ìkúnlẹ̀ kò tó. Mo sọ ti àmì, mo sọ ti okùn iná tí mo fà yọ, mo sọ ti wọ́ọ̀dù. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní kí n dìde, ilẹ̀ tútù.

"Wọ́n ti dé padà láàárọ̀ àná. Sálúbàtà wọn ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gíláàsì ti wà nínú àpò rẹ̀. Ọkàn mi ti balẹ̀. Ohun kan ló kù tí kò yé mi, bóyá ìwọ á mọ̀ ọ́n. Wá wò ó."

Wọ́n mú mi wọ pálọ̀. Gbogbo àwòrán ara ògiri ló ti kọ ẹ̀yìn síta. Ti ìgbéyàwó, ti àwọn ọmọ, ti àwọn ọmọ-ọmọ, ti Màmá fúnra wọn, pákó ẹ̀yìn wọn nìkan là ń rí, ojú gbogbo wọn wà lára ògiri. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kọjú sí wa. Èmi àti Bàbá ni, ní ọjọ́ tí mo parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́, tí mo ń rẹ́rìn-ín.

Màmá fi ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n ń fẹ́ tù mí nínú. "Ṣé o rí i? Ìwọ nìkan ni wọn ò kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Wọ́n fẹ́ràn rẹ, ọmọ mi. Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti dárí jì ọ́."

N kò lè la ẹnu mi sọ ohun tí ó túmọ̀ sí lórí pẹpẹ wa fún wọn. Bóyá Bàbá ti kà mí, tí mi ò pé. Bóyá wọn ò tíì kà mí, tí wọ́n ṣì ń bọ̀. Mo bẹ Màmá kí wọ́n jọ̀wọ́ má fọwọ́ kan án. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń lọ wò ó báyìí. Ó ṣì kọjú síta.